Ọkọ̀ Tó Ń Fà Sí Ẹ̀gbẹ́ Kan: Kì Í Ṣe Aláínmẹ́ǹtì Ló Yẹ Kó Kọ́kọ́ Gba Owó Yín

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí owó tí mo ná dànù. Láàárín oṣù méjì, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó aláínmẹ́ǹtì. Mo pààrọ̀ rọ́ọ̀dù méjèèjì tó ń darí táyà iwájú. Mo tún ra ṣọ́ọ̀kì kan tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ nítorí pé ọkọ̀ mi ń fà sí ọ̀tún. Nígbà tí mo náwó náà tán, ọkọ̀ ṣì ń fà sí ọ̀tún. Ohun tó ń ṣe é gan-an, róbà kékeré kan ni, tí kò gùn ju apá ọmọdé lọ.

Kì í ṣe owó yẹn nìkan ló dùn mí. Ní ọjọ́ kan, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ méjì ń ti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Àṣejírè, mo tẹ bíréèkì torí tírélà tó wà níwájú. Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ẹnì kan ṣì ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀ fún mi láti ọ̀tún. Sítíárìn fà lọ́wọ́ mi pátápátá. Ọkọ̀ kọrí sí etí títì, níbi tí igbó ti bẹ̀rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé eré mi ò pọ̀, mo rí i gbá padà, mo sì rọra páàkì. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, òórùn nǹkan tó ń jó gba gbogbo afẹ́fẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó ní, "Ṣebí o ní o ti tún ọkọ̀ yìí ṣe?" Mi ò mọ èsì tí mo lè fún wọn.

Mi ò kọ èyí láti bú mẹkáníìkì. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ọ̀nà tí à ń gbà tọ́jú ọkọ̀ tó ń fà, a ti dorí ẹ̀ kodò. Ibi tó yẹ ká parí sí la ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti fà báyìí, gbogbo ayé á ní, "Lọ ṣe aláínmẹ́ǹtì." Fọkanáísà á sọ ọ́, awakọ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín á sọ ọ́, kódà ẹni tí kò ní ọkọ̀ rí á sọ ọ́. Ó ti wá dà bí ká máa lo oògùn ibà torí pé orí ń fọ́ni, láìṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Nígbà míì ó máa ń bọ́ sí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, ńṣe la fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tí à ń pa làpálàpá.

Kí ló dé tí ọkọ̀ fi ń fà?

Ẹ wo ọmọlanke tí wọ́n fi ń kó ẹrù lọ́jà. Tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bá ń yí dọ́gba, ó ń lọ tààrà. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọ̀tún kó sẹ́rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì á ṣì máa lọ, tọ̀tún á máa fà sẹ́yìn, ọmọlanke á sì kọrí sí ọ̀tún. Ẹni tó ń tì í kọ́ ló darí ẹ síbẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì ló darí ẹ.

Ọkọ̀ náà ò yàtọ̀. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Tí bíréèkì ọ̀tún àti tòsì bá jọ ń há bákan náà, ọkọ̀ á wúwo, á máa jẹ epo, ṣùgbọ́n tààrà lá máa lọ. Ìgbà tí ọ̀tún ò bá bá òsì dọ́gba mọ́ ni ọkọ̀ máa ń fà. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ ká máa bi ara wa: kí ló yàtọ̀ láàárín ọ̀tún àti òsì?

Ìdáhùn tó wọ́pọ̀ ò ju mẹ́ta lọ. Bóyá nǹkan kan ń di táyà kan lọ́wọ́ kó má yí dáadáa, bí afẹ́fẹ́ tó kéré tàbí bíréèkì tó há. Bóyá táyà kan fúnra rẹ̀ ò rí bó ṣe yẹ. Tàbí kó jẹ́ pé bí táyà kan ṣe dúró sí abẹ́ ọkọ̀ yàtọ̀ sí ti èkejì. Ìkẹta yìí nìkan ló kan aláínmẹ́ǹtì. Ẹ wá sọ fún mi, kí ló dé tí a fi máa ń fò kọjá méjì àkọ́kọ́?

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá lóòótọ́ ló ń fà

Àwọn nǹkan mẹ́ta kan wà tí a máa ń pè ní orúkọ kan náà. Àkọ́kọ́ ni kí ọkọ̀ máa lọ tààrà, àmọ́ kí sítíárìn wọ́ lọ́wọ́ yín. Ìyẹn kì í ṣe fífà, aláínmẹ́ǹtì ló sì máa ń yanjú ẹ̀. Èkejì ni ọkọ̀ tó ń rìn bí ọ̀mùtí, ó yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì. Nǹkan ló ti jẹ lábẹ́ ibẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ọkọ̀ tó ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan náà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá dẹ ọwọ́. Òun ni à ń sọ.

Kódà nígbà yẹn, ẹ má tíì dá ọkọ̀ lẹ́bi, torí títì náà lè jẹ̀bi. Láti ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972 la ti ń fi ọ̀tún wakọ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn tó ń ṣe títì sì máa ń jẹ́ kí àárín rẹ̀ ga díẹ̀ kí omi òjò lè ṣàn lọ sínú gọ́tà. Ìyẹn ni pé ẹ̀gbẹ́ tí à ń gbà dagun díẹ̀ sí ọ̀tún, kò sì sí ọkọ̀ tí kò ní rọra yọ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn èèyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń fi òsì wakọ̀, òsì ni tiwọn máa ń yọ̀ sí.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí. Ẹ wá ibi tó tẹ́jú, tó fẹ̀, tí ọkọ̀ àti èèyàn ò sí. Ẹ wakọ̀ lọ lórí ìlà kan ní nǹkan bí 40 kìlómítà ní wákàtí kan, kí ẹ dẹ ọwọ́ lórí sítíárìn, ẹ má jù ú sílẹ̀ o. Ẹ wá yí padà, kí ẹ bá ìlà kan náà padà wá. Tó bá fà sí ọ̀tún ní àlọ, tó tún fà sí ọ̀tún ní àbọ̀, ọkọ̀ ni. Tó bá jẹ́ ọ̀tún ní àlọ, òsì ní àbọ̀, ilẹ̀ ni. Ẹ máa lọ sílé, ẹ ò jẹ ẹnikẹ́ni lówó.

Ìgbà wo ló máa ń fà?

Tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ló ń fà, ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù ni èyí tí ẹnikẹ́ni ò bi mí ní gbogbo oṣù méjì yẹn: ìgbà wo?

Tó bá ti ń fà láti ìgbà tí ẹ ti gbéra títí tí ẹ fi dé ibi tí ẹ ń lọ, ẹ fura sí táyà tàbí bí táyà ṣe dúró.

Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì nìkan ni, bíréèkì ẹ̀gbẹ́ kan ò mú tó ìkejì. Ẹ ṣọ́ra níbí o: ẹ̀gbẹ́ tó mú dáadáa ni ọkọ̀ máa ń fà sí. Tó bá fà sí òsì nígbà tí ẹ tẹ bíréèkì, bíréèkì ọ̀tún ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ ti tú èyí tó dá, wọ́n sì fi èyí tó bàjẹ́ sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kó sáré lójijì ni, tó sì jẹ́ ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń fi táyà iwájú fà á, ó lè jẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe é ni, torí irin tó ń gbé agbára lọ sí táyà ọ̀tún àti òsì kì í sábà gùn dọ́gba. Àmọ́ tó bá fà sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tó ń sáré, tó tún fà sí ìkejì nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, búṣìn tó wà lára apá irin tó di táyà mú ti jẹ.

Tó bá jẹ́ pé ó máa ń dáa láàárọ̀, tó wá ń fà lẹ́yìn tó ti rìn jìnnà, bíréèkì ni kí ẹ fura sí. Bí táyà ṣe dúró kì í yí padà torí pé ọkọ̀ gbóná. Bíréèkì ló máa ń yí padà.

Ẹ fi owó kékeré ṣáájú owó ńlá

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni afẹ́fẹ́ táyà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré máa ń tẹ́ sílẹ̀ ju ìkejì lọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa tẹ̀, á máa nà bó ṣe ń yí, agbára tó ń bá a lọ sínú ìyẹn ló ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn ní ẹ̀gbẹ́ yẹn. Tí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ máa rí ìwé kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara òpó rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ìwọ̀n tó yẹ sí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, ó máa ń wà láàárín 30 sí 35 psi. Nọ́ńbà tó wà lára táyà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìwọ̀n tó yẹ kí ẹ lò. Ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ kọjá ni. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí ẹ tó gbéra, torí tí táyà bá gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á ru, nọ́ńbà á sì ga sókè. Ẹ ra géèjì tiyín jàre. Fọkanáísà tó ń fi ojú wò ó, tó ń fi ẹsẹ̀ ta táyà, kò wọn nǹkan kan.

Ìgbésẹ̀ kejì, ẹ pààrọ̀ ipò táyà iwájú méjèèjì. Ẹ gbé ti ọ̀tún sí òsì, ẹ gbé ti òsì sí ọ̀tún. Tó bá jẹ́ pé ọ̀tún ló ń fà sí tẹ́lẹ̀, tó wá di òsì, táyà ni, ọ̀rọ̀ parí. Tí kò bá fà mọ́ rárá, ẹ ṣì fura sí táyà náà. Tó bá ṣì ń fà sí ọ̀tún bíi tàná, ẹ fi táyà sílẹ̀, ẹ wá ibòmíràn. Jáàkì àti sípánà nìkan ló gbà, ó sì máa ń sọ òótọ́. Àmọ́ tí táyà yín bá ní àmì ọfà tó ń fi ibi tó gbọ́dọ̀ máa yí sí hàn, ẹ má pààrọ̀ ọ̀tún sí òsì. Ẹ fi ti iwájú pààrọ̀ ti ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ẹ sì rí i dájú pé ẹ di nọ́ọ̀tì le, kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí ẹ bá ti rìn díẹ̀.

Báwo ni táyà tí kò jò, tí kò bẹ́, ṣe lè máa fa ọkọ̀? Ẹ mú ife oníke kan, irú èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí rẹ̀ lọ. Ẹ dá a dùbúlẹ̀ sórí tábìlì, kí ẹ tì í. Ṣé ẹ rí i? Kò ní lọ tààrà, á máa yí po. Lábẹ́ róbà táyà, okùn irin wà níbẹ̀ tí wọ́n tò sí ìpele ìpele. Tí ìpele yìí bá yẹ̀ díẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é, tàbí tó bá tú nínú lẹ́yìn tó já sí kòtò, táyà á di bí ife yẹn díẹ̀. Ojú ò ní rí i, ṣùgbọ́n ọkọ̀ á mọ̀ ọ́n.

Ìdí nìyí tí ẹ̀rù táyà tòkunbọ̀ fi ń bà mí. A ò mọ kòtò tó ti já sí, a ò mọ bó ṣe pẹ́ tó nínú oòrùn. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lára táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Tó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ẹ má sì fi táyà oríṣi kan sí ọ̀tún iwájú, kí ẹ wá fi oríṣi mìíràn sí òsì. Ẹ ti fọwọ́ ara yín dá ìyàtọ̀ sílẹ̀ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni bíréèkì. Ẹ wakọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ má lo bíréèkì ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ páàkì níbi tó dáa, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ súnmọ́ ríìmù táyà kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí ẹ fi súnmọ́ ọn, mi ò ní kí ẹ dì í mú, ẹ má sì fọwọ́ kan díìsì, torí ó lè bó yín lọ́wọ́. Tí ooru ọ̀kan bá yọ ju ti ojúgbà rẹ̀ lọ, bíréèkì rẹ̀ ń há. Ẹ̀gbẹ́ tó ń há yẹn ni ọkọ̀ á máa fà sí.

Bí bíréèkì ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ ń ti ọ́ọ̀lì gba inú páìpù irin àti họ́ọ̀sì rọ́bà lọ sínú kálípà. Ọ́ọ̀lì á ti písítìnì, písítìnì á fi páàdì há díìsì mọ́ra. Tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, ọ́ọ̀lì gbọ́dọ̀ padà kí páàdì lè tú u sílẹ̀. Nígbà míì, ìpẹta ló máa mú písítìnì tàbí irin tí kálípà ń yọ̀ lórí rẹ̀, kò sì ní lè padà. Nígbà míì, họ́ọ̀sì róbà ló ti gbó, inú rẹ̀ á wú, ihò rẹ̀ á dín kù. Agbára ẹsẹ̀ yín pọ̀, ó lè ti ọ́ọ̀lì kọjá. Ṣùgbọ́n agbára tó ń dá a padà kéré, nítorí náà ọ́ọ̀lì á há sọ́hùn-ún. Ó dà bí ilẹ̀kùn tó ń ṣí síwájú nìkan. Lóde, họ́ọ̀sì náà á rí bíi tuntun.

Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yín ṣe àyẹ̀wò kan tó rọrùn. Kó fi jáàkì gbé táyà tó há náà sókè, kó ti fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn, kó gbé jíà sí àárín. Tí táyà náà bá kọ̀ láti yí, kó tú nọ́ọ̀tì kékeré tí wọ́n fi ń lé afẹ́fẹ́ jáde lára kálípà. Tí ọ́ọ̀lì bá ta jáde, tí táyà sì bẹ̀rẹ̀ sí yí fàlàlà, ọ́ọ̀lì tó há ló dì í mú, họ́ọ̀sì ni kí ẹ wò. Tó bá ṣì le gbagidi, kálípà fúnra rẹ̀ ló ti di ìpẹta. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, kálípà tó dá ò sì ní di ohun tí ẹ jù nù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni àwọn ohun tó ń jẹ lábẹ́ ọkọ̀. Pẹ̀lú táyà lókè, kí ẹ di í mú lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ mì ín. Tó bá ń dún kọ̀kọ̀kọ̀, ẹ wo orí rọ́ọ̀dù. Ẹ di í mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ tún mì ín. Tó bá ń mì, ẹ wo bọ́ọ̀lù jọ́ìntì àti bẹ́ríìnì. Ẹ wo àwọn búṣìn náà bóyá wọ́n ti ya. Ẹ̀yin tí ẹ bá já sí kòtò ńlá láìpẹ́ yìí, ẹ fi ojú tó mú wo ẹ̀gbẹ́ yẹn.

Aláínmẹ́ǹtì ló kàn báyìí

Ẹ ṣe sùúrù, mo ń bọ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ máa ti ká àwọn kan lára.

Nǹkan mẹ́ta ni ẹ̀rọ aláínmẹ́ǹtì ń wọ̀n níwájú ọkọ̀. Toe ni bóyá imú táyà méjèèjì kojú síra wọn tàbí wọ́n kẹ̀yìn síra wọn, bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn. Camber ni bóyá orí táyà dagun sínú tàbí síta, tí ẹ bá dúró níwájú ọkọ̀. Caster ni bí òpó tí táyà fi ń yí ṣe dagun sẹ́yìn, bíi ti irin iwájú kẹ̀kẹ́ ológeere. Ìdagun yẹn ló ń jẹ́ kí sítíárìn dá ara rẹ̀ padà sí àárín lẹ́yìn tí ẹ bá yà ní kọ́nà.

Tí camber ọ̀tún àti tòsì bá yàtọ̀, ẹ̀gbẹ́ tí orí táyà ti yọ síta jù ni ọkọ̀ máa ń fà sí. Tí caster bá yàtọ̀, ẹ̀gbẹ́ tí tiẹ̀ kéré jù ló máa ń fà sí. Toe ńkọ́? Toe máa ń jẹ táyà, ó sì máa ń jẹ́ kí sítíárìn wọ́. Ṣùgbọ́n toe iwájú nìkan kì í sábà jẹ́ kí ọkọ̀ fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, torí táyà méjèèjì ti so pọ̀ mọ́ sítíárìn kan, wọ́n á pín ìyàtọ̀ náà láàárín ara wọn.

Ẹ gbọ́ o: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré tí à ń lò, toe nìkan ni àwọn tó ṣe é fi àyè sílẹ̀ pé kí wọ́n máa tún ṣe níwájú. Camber àti caster ò ní nọ́ọ̀tì tí wọ́n lè yí. Nítorí náà, ẹni tó gbé ọkọ̀ tó ń fà lọ ṣe aláínmẹ́ǹtì, toe ni wọ́n máa bá a tún ṣe, èyí tí kì í sábà fa fífà. Tí camber tàbí caster bá yàtọ̀ gan-an, irin kan ló ti tẹ̀ tàbí búṣìn kan ló ti jẹ. Ẹ̀rọ á fi í hàn yín, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò lè na irin tó tẹ̀.

Kódà àwọn kan wà tí wọ́n á wá ọgbọ́n yí camber kó lè bá táyà tí kò dáa ṣẹ́gun fífà. Ọkọ̀ á lọ tààrà, oníbàárà á dúpẹ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan táyà á ti jẹ tán. Ọjọ́ tó bá ra táyà tuntun, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí fà sí òdìkejì. Ìyẹn kì í ṣe àtúnṣe, ìbòmọ́lẹ̀ ni.

Mi ò ní kí ẹ má ṣe aláínmẹ́ǹtì o. Ẹ ṣe é lẹ́yìn tí ẹ bá pààrọ̀ rọ́ọ̀dù tàbí apá irin, ẹ sì ṣe é tí táyà bá ń jẹ níbì kan. Ṣùgbọ́n ẹ gba ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde, ti ìṣáájú àti ti ìkẹyìn. Ibi tí wọn ò bá ti lè fún yín ní ìwé, nǹkan tí ẹ sanwó fún ò yé yín.

Bí ọ̀rọ̀ tèmi ṣe yanjú

Bàbá kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ mẹkáníìkì. Mo lọ bá wọn lọ́jọ́ kejì tí a ti Ifẹ̀ dé.

Mo ní, "Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà. Ọkọ̀ mi ló ń fà sí ọ̀tún."

Wọ́n ní, "Ìgbà wo ló máa ń fà?"

Mo ronú. Mo ní ó máa ń dáa tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, tó bá yá ló máa ń bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ibo ni ibi tí o ti ń ṣe aláínmẹ́ǹtì?"

"Ìtòsí ilé ni, sà."

"Ṣé o wá rí i? Ọkọ̀ ò tíì gbóná tí o fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n á wà á yí ká lẹ́ẹ̀kan, á lọ tààrà, wọ́n á gbowó wọn. Igun táyà kì í mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́."

Wọ́n ní kí n wà á lọ wà á bọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo dé, ríìmù ọ̀tún iwájú ń gbóná bí ààrò, tòsì ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n pe ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kan, ó tú nọ́ọ̀tì kékeré yẹn, ọ́ọ̀lì ta, táyà yí. Họ́ọ̀sì ni. A pààrọ̀ ti ọ̀tún àti tòsì pọ̀, kí méjèèjì lè dọ́gba, wọ́n sì lé afẹ́fẹ́ jáde nínú bíréèkì. Owó rẹ̀ ò tó owó ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo tí mo rà. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ mi ò fà mọ́.

Ibi tí ẹ̀bi wà

Mo mọ ohun tí àwọn mẹkáníìkì máa sọ, òótọ́ sì wà níbẹ̀. Wọ́n á ní, "Oníbàárà kì í sanwó fún àyẹ̀wò." Tí mẹkáníìkì bá fi wákàtí kan wá ìdí ìṣòro, tó sì sọ pé afẹ́fẹ́ táyà ló kéré, èèyàn mélòó nínú wa ló máa fún un lówó iṣẹ́? A ó ní, "Kí ni o ṣe?" Àmọ́ tó bá tú nǹkan kan, tó fi nǹkan tuntun síbẹ̀, a ó sanwó láìjanpata, kódà kí nǹkan náà má yanjú ìṣòro. Àwa la kọ́ wọn pé ìrònú ò níye lórí, páàtì ló níye lórí. Kí ló wá yà wá lẹ́nu pé páàtì ni wọ́n ń tà fún wa?

Nítorí náà, àbá mi rèé. Tí ọkọ̀ yín bá ń fà, ẹ sọ fún mẹkáníìkì yín pé, "Ọ̀gá, mo máa sanwó kí ẹ bá mi wá ohun tó ń ṣe é, kódà tí ẹ ò bá pààrọ̀ nǹkan kan." Ẹ sọ ìgbà tó máa ń fà fún un, àti ibi tó ń fà sí. Ẹ wà á jìnnà tó kí ó lè fi ara rẹ̀ hàn, kí mẹkáníìkì sì jókòó síbẹ̀. Kó tó tú nǹkan kan, ẹ bi í pé, "Kí ló fi hàn yín pé èyí ni?" Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ ò ní bínú. Inú rẹ̀ á tiẹ̀ dùn pé ẹnì kan bi í.

Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ò di ìgbà tí a bá wọ yàrá àyẹ̀wò. Kí a béèrè ohun tó yàtọ̀, kí a yí nǹkan kan ṣoṣo padà, kí a wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀, kí a tó na owó sí i: sáyẹ́ǹsì náà nìyẹn, lábẹ́ igi máńgòrò níbi tí jáàkì wà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó kéré jù ṣì máa ń bi mí tí mo bá gbé wọn: "Àǹkú, ṣé ọkọ̀ yìí ò ní wọ igbó lónìí?" Kí n tó dá a lóhùn, mo ti fi ẹ̀yìn ọwọ́ wo ríìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní gbogbo ibi tí a bá ti dúró. Ẹ̀yin náà, tí ẹ bá ti rìn jìnnà lónìí, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ wò ó. Ọ̀fẹ́ ni.